Wolé-wolé Wo Kàtúùnù

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà méjì ni mo lè gbà dáhùn. Mo lè purọ́ pé nọ́ọ̀sì ni mí, kí inú onítọ̀hún dùn, kó gbàdúrà fún mi, kó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo sì lè sọ òótọ́ pé ewúrẹ́ ni mo ń yà, kó wò mí lójú títí, kó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá mo máa ń sùn dáadáa. Ọdún mélòó kan ni mo fi jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ti sú mi. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ìlobù ni ilé bàbá mi. Ìfọ́n ni wọ́n ti bí ìyá mi. Ẹni tó bá mọ apá ibẹ̀ yẹn ní Ọ̀ṣun á ti mi orí. Ìlú méjèèjì sún mọ́ra débi pé bí wọ́n bá ń yan ata ní ọ̀kan, wọ́n á máa sín ní èkejì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà láàárín wọn ni wọ́n ti ń bá ara wọn fà kí n tó dáyé. Ìlobù ní tàwọn ni. Ìfọ́n ní tàwọn ni. Ilẹ̀ náà ò sọ nǹkan kan. Nínú ilé wa, bí bàbá mi bá ti ní, “Àwọn èèyàn yín wọ̀nyí,” ìyá mi á dìde, wọ́n á lọ ro ọbẹ̀ tí kò sí lórí iná.

Wolé-wolé ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ ó rántí àwọn wolé-wolé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa ń wọ kakí, tí wọ́n á ya wọ àgbàlá onílé láìkan ilẹ̀kùn, tí wọ́n á ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, tí wọ́n á sì kọ ìwé kóòtù fún ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ bá ń jẹ̀ kiri láàárín ìlú. Ìfẹ̀yìntì ò mú nǹkan kan kúrò nínú iṣẹ́ náà. Bí bàbá mi bá lọ kí ẹni tó bímọ, ìdí àmù ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà sí. N ò rí eyín wọn nínú ẹ̀rín rí. Wọ́n ní ẹ̀rín a máa jẹ́ kí ará ìlú rí àyè.

Èmi kọ́ iṣẹ́ ọnà ní pólì, mo wá ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù ní Òṣogbo. Bí ẹ bá rí sáìnbọ́ọ̀dù onígbàjámọ̀ láyé ìgbà náà, tí orí mẹ́fà wà lára rẹ̀, tí gbogbo wọn jọ ara wọn bí ọmọ ìyá kan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Bàbá mi ò fi í yangàn. Bí wọ́n bá béèrè mi lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní mo wà “ní ẹ̀ka ìkéde.”

Bí mo ṣe dé Lọ́ńdọ̀nù kò ní ìtàn nínú. Àárín àwọn ọdún 1990 ni, ẹni tó bá lè lọ ń lọ, èmi náà sì lọ. Ìtàn bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débi iṣẹ́ ìnulẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí ọ̀gá mi, obìnrin kan tó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí. Obìnrin náà yára kúnlẹ̀ tirẹ̀, ó ń fọwọ́ ra ilẹ̀ kiri, ó ń bi mí pé kí ló bọ́ lọ́wọ́ mi. A jọ wá a fúngbà díẹ̀. Ojú tì mí láti sọ fún un pé ìkíni ni. Láti ọjọ́ yẹn ni n ò ti kúnlẹ̀ mọ́. Nínú gbogbo ara mi, orúnkún mi ló kọ́kọ́ di òyìnbó.

Ìyókù ara mi ò tètè gbà. Mo wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò sí ẹni tó ní pẹ̀lẹ́. Nílé, bí mo bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilé mẹ́ta á ti jọ jiyàn lórí àgbo tó yẹ kí n mu, ìkẹrin á ti ní ọ̀rọ̀ mi ò gba àgbo, àdúrà ló gbà. Mo máa ń ráhùn sí ariwo wọn nígbà yẹn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, mo máa ń jókòó sí yàrá mi, màá wúkọ́, màá sì dá ara mi lóhùn: “Pẹ̀lẹ́.” “O ṣé.” Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe é.

Sátidé àkọ́kọ́ lóṣù ni ọjọ́ ìpè. Àwọn òbí mi á wọkọ̀ láti Ìlobù lọ sí Òṣogbo, wọ́n á jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń fi tẹlifóònù ṣòwò, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Rísì, ọmọbìnrin tó ń gba ìpè níbẹ̀, á gbé e, á sì pariwo bí ẹni tí kò nílò wáyà láti bá mi sọ̀rọ̀: “Lọ́ńdọ̀nù ti dé o! Bàbá wolé-wolé, ẹ sáré!” Bàbá mi kì í sáré. Wọ́n á rìn wá, wọ́n á wúkọ́, wọ́n á ní, “Jábọ̀.” Màá sì jábọ̀.

Ní oṣù kẹrin, ọ̀gá mi ní kí n lọ máa tún ilé alájà mẹ́rin kan ṣe lọ́sàn-án. Àjà kẹta ni mo ti rí wọn.

Mo ṣílẹ̀kùn, mo rí ọkùnrin kan tí orí rẹ̀ ti pá, tó wojú díńgí kékeré kan, tó ń yọ ahọ́n síta, tó ń ká a padà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, obìnrin kan tí irun rẹ̀ funfun bí òwú ń fò sókè sódò bí ọ̀pọ̀lọ́, ó ń fò, ó ń sáré padà sórí àga, ó ń kọ nǹkan, ó tún ń fò. Ẹnì kan ń bá igun ògiri sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó ń wo ẹnì kejì rẹ̀. Mo rọra ti ilẹ̀kùn. Mo sọ fún ara mi pé áà, ilé ìwòsàn àwọn aláìsàn ọpọlọ ni wọ́n rán mi wá, wọn ò sì sọ fún mi.

Nígbà tí mo bi ọ̀gá mi bóyá wọ́n léwu, ó ní rárá o, wọn kì í ṣe èèyàn níbi, kí n má ṣáà ti fọwọ́ kan bébà wọn.

Kàtúùnù ni wọ́n ń ṣe, ohun tí wọ́n bá sì fẹ́ yà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi ara wọn ṣe. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yà á, lórí bébà, pẹ̀lú pẹ́ńsù, ní orí tábìlì onígíláàsì tí iná wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ewúrẹ́ kan tó lè rìn fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré nínú fíìmù, wọ́n lè ya ewúrẹ́ náà nígbà mẹ́rìnlélógún, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa yí díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ni o. Wọ́n ní ọmọ, wọ́n ní ọmọ-ọmọ, ẹlòmíràn nínú wọn ti ń fi ọ̀pá rìn. Wọ́n á jí láàárọ̀, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wọ bàtà, wọ́n á wá jókòó fún odindi ọ̀sẹ̀ kan sídìí etí ewúrẹ́. Mo rántí bàbá mi. Mo ní ìjọba tó gbà kí irú èyí ṣẹlẹ̀, ìjọba náà ní sùúrù.

Orúkọ ọkùnrin apárí yẹn ni Wílì. Gbogbo wọn ló ń pè é ní Wílì lásán, títí kan ọmọdébìnrin tó ń po tíì. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Mo wá “ẹ” nínú èdè òyìnbó títí, n ò rí i, ni mo bá ń pè é ní Bàbá Wílì. Ó rò pé oyè ni mo fi í jẹ. Ó kọ ọ́ sára ife tíì rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń nu abẹ́ tábìlì rẹ̀, ó ní kí n dúró. Ó kó bébà bíi ogún sọ́wọ́, ó fi ìka tú wọn wàràwàrà níwájú mi. Ológbò kan tó ń sùn lórí bébà náà la ojú. Ó wò mí. Ó yán, ó tún padà sùn.

N ò mọ ìgbà tí mọ́ọ̀pù bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé bébà ni. Mo mọ̀ pé pẹ́ńsù ni. Mo ti ya orí èèyàn tó pọ̀ ju ti ọjà lọ lára sáìnbọ́ọ̀dù, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣẹ́jú sí mi rí. Ohun kan tí mo ti gbàgbé pé mo ní gbéra nínú àyà mi, bí ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, tí mò ń fọwọ́ ṣe ehoro sára ògiri nínú oòrùn àárọ̀, tí mo sì gbà pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi pé bí mo bá ṣe é dáadáa, yóò bẹ́ sílẹ̀.

“Ẹ tún un ṣe, sà,” ni mo wí. Ó tún un ṣe. Mo ní kó tún un ṣe. Abẹ́ tábìlì náà ò mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Fíìmù tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ dá lórí ewúrẹ́ kan tí wọ́n ṣèèṣì fi jẹ adájọ́ ní ìlú kékeré kan. Ewúrẹ́ náà ń jẹ ìwé òfin ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, títí kò fi ku òfin kankan nínú ìlú, tí wọ́n wá rí i pé ìlú náà tòrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ti ya ìdajì rẹ̀. Wọ́n so àwọn àwòrán náà mọ́ ògiri lọ́wọ̀ọ̀wọ́, lójoojúmọ́ ni mo sì ń kọjá níwájú wọn, tí ọ̀rọ̀ ń gbé mi lọ́fun. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà jáde.

“Ẹ má bínú o, Bàbá Wílì. Ewúrẹ́ yín ń rìn bí ajá.”

Gbogbo pẹ́ńsù dúró. Mo ní ó ti parí, wọ́n á lé mi. Bàbá Wílì wojú ògiri, ó wojú mi.

“Ṣé o mọ ewúrẹ́?”

“Sà, a jọ dàgbà ni.”

Ó fa àga kan síta. Mo ṣàlàyé fún un pé ajá a máa lọ tààrà síbi ohun tó bá fẹ́, ojú tó sì fẹ́ ẹ ló fi ń wò ó. Ewúrẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá fẹ́ jẹ iṣu rẹ, ibòmíràn ló máa kọ́kọ́ wò. Á ṣe bí ẹni tó ń kọjá lọ. Á dúró, á jẹ koríko kan tí kò wù ú. Etí kan á yí síhìn-ín, èkejì á yí sọ́hùn-ún. Gbogbo ara rẹ̀ á máa purọ́, ìrù nìkan ló máa jẹ́wọ́.

“Fi hàn mí,” ni Bàbá Wílì wí.

Mo ní mo ti sọ ọ́ tán. Ó ní rárá, kí n fi hàn án. Bẹ́ẹ̀ ni èmi, ọmọ wolé-wolé, tí mo jáde pólì, ṣe fi ọwọ́ àti orúnkún balẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ mi ní àjà kẹta, tí mo ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ ìdàlẹ̀nù bí ẹni tí kò rí i. Wọ́n yí mi ká. Nígbà tí mo já bébà kan gbà nínú apẹ̀rẹ̀ náà, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n fún mi ní tábìlì, pẹ́ńsù àti ewúrẹ́ náà.

Mo rò pé inú bàbá mi á dùn.

“Wọ́n fún mi níṣẹ́ tuntun, sà.”

“Àlùhámúdúlílàhí. Ní ọsibítù?”

“Rárá, sà. Àwòrán ni wọ́n ní kí n máa yà.”

“Àwòrán ta ni?”

“Ti ewúrẹ́, sà.”

 Mo gbọ́ tí Rísì ń bá ẹlòmíràn jà lórí ìlà.

“Ewúrẹ́ ta ni?” ni bàbá mi béèrè.

“Kì í ṣe tẹnikẹ́ni, sà. Inú kàtúùnù ni.”

“Kàtúùnù. Èyí tí àwọn ọmọ ọwọ́ ń wò.”

“Àwọn àgbà náà ń wò ó níbí, sà.”

“Ìwọ ọmọ yìí,” ni wọ́n wí, ohùn wọn rọlẹ̀ bí ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, “ewúrẹ́ ò wọ́n ní Ìlobù. O ò bá ti dúró síbí.”

Bàbá mi ò purọ́ o. Wọ́n kàn sọ fún ìlú pé mo wà “ní ẹ̀ka ewúrẹ́.” Ìlú ló parí ìyókù. Kí oṣù náà tó pé, mo ti di dókítà ẹran ní Ìlobù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí mi. Ewúrẹ́ ìyá kan ò jẹun láti ọjọ́ Àlàmísì. Ti ẹnì kan ń bí òkú ọmọ. Àlùfáà kan fẹ́ mọ oògùn tí òyìnbó ń lò tí àgbò fi ń sanra kó tó di Iléyá. Mo ra ìwé ìwòsàn ẹran kan, mo sì ń fèsì bí mo ṣe lè ṣe. Lọ́sàn-án, màá ya ewúrẹ́ tó ń jẹ òfin. Nírọ̀lẹ́, màá tọ́jú èyí tí inú ń run. Kò sí ẹni tí ewúrẹ́ gbà lọ́kàn tó èmi ní gbogbo Lọ́ńdọ̀nù.

Mo pàdé ọkùnrin kan níbi ìsọmọlórúkọ kan láàárín ọdún yẹn. Ó gbọ́ tí mò ń sọ̀rọ̀, ó ní, “Ará Òṣogbo ni ọ́?” Mo ní ó sún mọ́ ọn, Ìlobù ni. Ó pariwo, “Ìfọ́n ni èmi!” A dì mọ́ ara wa. Omi bọ́ lójú mi, nítorí pé ó ti tó ọdún kan tí n ò gbọ́ ẹni tó pe orúkọ ìlú mi bó ṣe yẹ. A jókòó, a jẹun, a dárúkọ gbogbo igi mángòrò tó wà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ ilẹ̀ kan. Mo ní rárá, apá tiwa nìyẹn. Ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ká tó jẹ ẹran inú àwo wa tán, a ti dìde dúró, a ń na ìka síra wa, èmi tí mo háyà yàrá kan, òun tó ń sùn lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú ọ̀rẹ́ rẹ̀. A ò ní ilẹ̀ tó lè gba kòkò òdòdó láàárín àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo ṣàkíyèsí pé n kò wúkọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọdún méjì ni a fi ya fíìmù náà parí. Ọ̀sán Sátidé kan ni mo lọ wò ó ní sinimá, mo sì jókòó sẹ́yìn kí n lè rí àwọn èèyàn. Àgbà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú, tó gbé báàgì iṣẹ́ lé itan, jókòó níwájú mi bí ẹni tó wá sí ìpàdé. Nígbà tí ewúrẹ́ náà wo ibòmíràn, tí ìrù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́, ọkùnrin náà na ìka sí i. Kì í ṣe pé ó ń fi han ẹnì kan. Ó kàn na ìka ni, bí ọmọ tó rí ọkọ̀ òfuurufú. Báàgì rẹ̀ ṣubú, kò gbé e. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, orúkọ mi kọjá lójú aṣọ sinimá náà, ó kéré bí èèrà, wọ́n sì fi lẹ́tà kan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Mo dìde, mo kí i.

Nígbà tí wọ́n gbé e sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sílé. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé tó ní fídíò ò wọ́n ní Ìlobù. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sílé ẹnikẹ́ni, ìlú á rí i pé dókítà ẹran wọn ò mú abẹ́rẹ́ rí. Ibì kan ṣoṣo tí òkìkí mi ò tíì dé ni Ìfọ́n. Àbúrò ìyá mi, Bùọ̀dá Múfú tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà, ní fídíò níbẹ̀, ó sì ní jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti sọ lójú èèyàn pé ẹsẹ̀ àwọn ò ní tẹ Ìfọ́n mọ́ títí wọn ó fi parí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni kásẹ́ẹ̀tì náà fi wà nínú àpótí wọn. Lóṣooṣù ni mo ń béèrè, lóṣooṣù ni wọ́n ń sọ pé àwọn ṣì ń gbé e yẹ̀ wò.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé Iléyá, ìyá mi ló gba tẹlifóònù.

“Ọmọ mi, ṣé o wà ní ìjókòó?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣé kò sí o?”

“Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín.”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, mà!”

“Wọ́n wà níta, wọ́n ń wo gọ́tà àwọn onítẹlifóònù, jẹ́ kí n yára sọ ọ́.” Ìyá mi fa àga mọ́ra, mo gbọ́ ọ. “Ọjọ́ kẹta Iléyá ni mo mú kásẹ́ẹ̀tì náà nínú àpótí. Mo ní mò ń lọ kí àbúrò mi, ẹni tó bá fẹ́ kó tẹ̀ lé mi. Wọn ò dá mi lóhùn. Mo dé ibùdókọ̀, mo wẹ̀yìn, mo rí wọn. Wọ́n jìnnà sí mi díẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ mí. Bá a ṣe dé ilé Múfú, ìdí àmù ni wọ́n kọ́kọ́ lọ.”

“Tanwíjí wà níbẹ̀?”

“Ó mọ́ tónítóní, ó sì dùn wọ́n. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ẹ̀gbẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n. Múfú fi kásẹ́ẹ̀tì sí i. Kò pẹ́, ewúrẹ́ rẹ jáde, ó ń wo òkè, ó ń wo ilẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni ire. Bàbá rẹ ò yíjú o, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí wọ́n ní, ‘Olè nìyẹn.’ Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n ní, ‘Ẹ wo ìrù ẹ̀. Ẹ wo ìrù ẹ̀!’ Wọ́n yí àga padà. Nígbà tó wá jẹ ìwé òfin, ọmọ mi, ohun kan já nínú bàbá rẹ. Mo rò pé àìsàn ni. Fìlà wọn bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń fọwọ́ lu itan Múfú, wọ́n ní, ‘Dá a padà! Dá a padà!’ Ẹ̀ẹ̀meje ni Múfú dá a padà.”

“Ẹ̀ẹ̀meje?”

“Kí wọ́n tó wá jà. Múfú ló fà á. Ó ní ẹ ò rí i pé ewúrẹ́ Ìfọ́n ni, ọgbọ́n ewúrẹ́ Ìfọ́n nìyẹn. Bàbá rẹ ní kí ló wí? Wọ́n ní, ‘Ewúrẹ́ Ìlobù ni. Ọmọ mi ló yà á.’ Múfú ní, ‘Ìyá rẹ̀ ńkọ́, sà?’ Wọ́n fà á títí. Mo ní kí wọ́n pe ewúrẹ́ náà jáde, kó wá sọ ibi tó ti wá.” Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ìlà fi ń hó. “Wọ́n ti ní àwọn ń padà lọ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Ẹjọ́ náà ò tíì parí, wọ́n ní.”

Bàbá mi gba tẹlifóònù. Wọ́n wúkọ́.

“Ewúrẹ́ yẹn,” ni wọ́n wí. “Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n máa ń kọ́kọ́ wo ibòmíràn?”

“Mo wò wọ́n nílé ni, sà.”

“Gbogbo ọjọ́ ayé mi lẹ́nu iṣẹ́ ni mo fi wò wọ́n.” Wọ́n tún wúkọ́. “Mo rò pé èmi nìkan ló mọ̀.”

Wọ́n ń lọ sí Ìfọ́n ní gbogbo Jímọ́ọ̀ látìgbà náà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ò yí padà. Bàbá mi àti Bùọ̀dá Múfú kàn ní ohun mìíràn tí wọ́n fi ń jà, tí ó sì ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Oṣù kejì lẹ́yìn náà ni lẹ́tà kan dé. Bàbá mi ló kọ ọ́ fúnra wọn, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé ìjọba tó dúró ṣánṣán. Wọ́n ní kí n má kà á fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní ilé kéú, àwọn fi èédú ya ìyá àwọn sára ògiri. Àlùfáà nà wọ́n, ó ní kí wọ́n fọwọ́ ara wọn fọ̀ ọ́ kúrò, wọ́n sì fọ̀ ọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìyá náà kú. Kò ya fọ́tò rí. Àwọn ò ya nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ náà.

Bébà kejì wà nínú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ìwé kóòtù àtijọ́ ni, lára èyí tí wọ́n máa ń kọ fún onílé tó dọ̀tí. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi báírò ya obìnrin kan. Ọrùn rẹ̀ gùn jù, ọwọ́ kan tóbi ju èkejì lọ, ojú rẹ̀ sì wò mí tààrà. Iwájú orí mi ni mo rí lójú rẹ̀. Mi ò rí ìyá bàbá mi rí títí di ọjọ́ náà.

Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé: “Mo ti rí i pé ẹ máa ń jẹ́ kí nǹkan rìn. Ṣé ẹ lè jẹ́ kí ìyá mi náà rìn? Kò nílò kó gùn. Láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi agbálùmọ̀ ti tó.”

Mo fi han Bàbá Wílì. Ó wò ó pẹ́, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní ojú àti ọwọ́ dára, kí n má ṣàtúnṣe kankan sí wọn. Ohun kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀, ó ní, kò sì sí ẹni tó lè ṣẹ̀dá rẹ̀ fún mi.

Nígbà tí ọjọ́ ìpè pé, mo bi bàbá mi.

“Báwo ni wọ́n ṣe máa ń rìn, sà?”

“Ìrìn wọn dára.”

“Sà, ìyẹn ò tó mi yà.”

“Wọn kì í kánjú. Wọ́n máa ń…” Wọ́n dúró. “Ẹsẹ̀ wọn kan…” Wọ́n tún dúró. 

“Dúró ná,” ni wọ́n wí.

Mo gbọ́ ìgbà tí wọ́n gbé tẹlifóònù kalẹ̀ lórí tábìlì. Mo gbọ́ tí wọ́n sún àga kan. Lẹ́yìn náà ni bàtà wọn bẹ̀rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ọ̀kan wúwo, ọ̀kan fẹ́lẹ́, ìdákẹ́ díẹ̀, ọ̀kan wúwo, ọ̀kan fẹ́lẹ́, ó ń lọ síbi ilẹ̀kùn.

“Ẹ̀hẹ́n, Bàbá!” Ohùn Rísì ni. “Kí lẹ̀ ń ṣe báyìí? Ẹ̀ ń jó? Àwọn èèyàn ń dúró o!”

“Fi wọ́n sílẹ̀,” ni ìyá mi wí. “Ìrìn ìyá wọn ni wọ́n ń rìn.”

 Bàtà náà dé ibi ilẹ̀kùn, ó yí padà, ó sì ń bọ̀. Mo fi èjìká di tẹlifóònù mú, mo fa bébà mọ́ra, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹsẹ̀ tó wúwo.